Ìyá Mi Ń Retí Èsì

Ìbínú ni mo fi ra fóònù yẹn. Pọ́tábù tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, bí a ti ń pè é nílùú wa, kò mọ̀ ju kó dún kí n gbé e sétí lọ, ìyẹn sì tó aránṣọ bíi tèmi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyá mi tún ru abọ́ wàrà rẹ̀ padà wálé bó ṣe rù ú lọ, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, inú bí mi débi pé mo kó owó tí mo ń tọ́jú fún ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, mo fi ra èyí tó ń ya fọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Kì í ṣe ìyá mi ni mo ń bínú sí, àwọn bọ́ọ̀sì ni. Kí n tó gbọ́njú ló ti ń ta wàrà létí títì tó ti Kútọnu lọ sí Pàràkú, lábẹ́ òkè kan báyìí ní Ìdáàṣà. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń gbé wàrà náà wá láti abúlé, òun á sì fi pòròporo ọkà bàbà sè é títí yóò fi pọ́n dẹ̀dẹ̀. Tí bọ́ọ̀sì bá dúró, àwa ọmọdé á sáré mọ́ fèrèsé, a ó máa pariwo ọjà. Ìyá mi kì í sáré. Á rìn wá pẹ̀lẹ́, á kí ẹni tó jókòó sójú fèrèsé: ẹ kú ewu ọ̀nà, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Kò ní dárúkọ wàrà títí ẹni náà yóò fi dáhùn gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní tí èèyàn kò bá tíì dá ọ lóhùn, tí o ti ń na ọjà sí i lójú, ìjà lò ń bá a jà. Nígbà mìíràn bọ́ọ̀sì á ti ṣí kó tó dé orí “àwọn ọmọ ńkọ́”, orí mi á sì gbóná. Síbẹ̀, abọ́ tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣófo.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ tuntun sí òdìkejì ìlú. Àwọn tó ti gba ààyè níbẹ̀ kò fẹ́ rí ẹlòmíràn, bọ́ọ̀sì ńlá kò sì dúró lábẹ́ òkè wa mọ́. Wọ́n á kọjá fìrí, atẹ́gùn wọn á ṣí aṣọ tí ìyá mi fi bo wàrà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Pàràkú ti kun yàrá kan ní funfun dè é. Ìyá mi wá ní tí ìrìnàjò àwọn ọmọ Kátólíìkì sí Arigbo bá kọjá lóṣù kẹjọ tí nǹkan kò yí padà, òun á palẹ̀ ìsọ̀ òun mọ́, òun á máa lọ. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wo ojú èèyàn létí títì, kí ló fẹ́ lọ máa wo lára ògiri funfun?

Fọ́tò ni mo kọ́kọ́ gbójú lé. Mo to wàrà sórí ewé tútù, mo wọ́n omi sí i kó lè máa dán, mo fi Faransé kọ iye rẹ̀ sábẹ́, mo gbé e sí sítátù mi níbi tí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà mi á ti rí i. Wọ́n rí i lóòótọ́. Ẹnìkan ṣoṣo ló fèsì, ó ní níbo ni mo ti ra àwo tó wà lábẹ́ ewé yẹn. Mo pòṣé títí ètè fi ro mí.

Mo wá ní kí ìyá mi fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, mo na fóònù sí i lẹ́nu, mo ní kó polówó wàrà. Ó kọ́kọ́ tún ìborùn rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé àlejò wọlé. “Ẹ kú ojúmọ́ o,” ló wí, ó sì dákẹ́. “Ilé ńkọ́?” Ó tún dákẹ́, ó dẹtí sí fóònù. “Àwọn ọmọ ńkọ́?” Èyí ló pẹ́ jù, títí ewúrẹ́ kan fi ké lẹ́yìnkùlé wa, fóònù sì gba tewúrẹ́ náà sílẹ̀. Ìgbà náà ló tó wá sọ pé wàrà wà o, ó gbóná, ó pọ́n.

Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ìpè, ohùn lásán là ń gbà, ká tún un gbà kíá láìsí dídákẹ́ yẹn.

“Màmá, kò sẹ́ni níbẹ̀ tó máa dáhùn,” mo wí.

“Tí kò bá sẹ́ni níbẹ̀,” ló ní, “ta lò ń tajà fún?”

Ó ní n kò gbọdọ̀ gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ẹ má bi mí bí ojú ti tì mí tó. Mo fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀, tòun ti ewúrẹ́, mo sì ki fóònù náà sábẹ́ aṣọ oníbàárà kan.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ aṣọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ni, a jọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ, ó ti wà ní Kútọnu báyìí. Ohùn lòun náà fi ránṣẹ́, ó sì ń dáhùn lẹ́sẹẹsẹ: ẹ kú ojúmọ́ mà, àlàáfíà ni ilé wà, àwọn ọmọ wà, èyí àbúrò ti ń rìn. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó béèrè bóun ṣe máa rí wàrà gbà. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ohùn àwọn tí n kò mọ̀ rí ti ń wọlé. Ọ̀rẹ́ mi ti fi ohùn ìyá mi ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé, àwọn náà ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ọmọ Ìdáàṣà kan tó ti pẹ́ ní Kútọnu ní ibi iṣẹ́ lòun ti gbọ́ ọ, kóun tó mọ̀, òun ti dáhùn sókè, gbogbo bíróò sì fi òun rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní kí n tún ohùn ọkùnrin yẹn tẹ̀ kóun gbọ́, nítorí òun kò gbọ́ ibi tó ti sọ bóyá ara rẹ̀ le.

Ẹsẹ̀ mi kò balẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo rán apá bùbá mọ́ ibi ọrùn, mo tú u, mo tún un rán síbẹ̀. Àràárọ̀ la ń gba ìkíni tuntun: ẹ kú òjò, ẹ kú Jímọ̀, ẹ kú ìsinmi fún àwọn ọmọ Kátólíìkì. Owó á ti wọ inú fóònù kí wàrà tó kúrò nílé. A ó tò ó sínú gílásíyẹ̀, àpótí tí ń mú nǹkan tutù, oní sémì kan á fi alùpùpù gbé e lọ sí ibùdókọ̀ tuntun, takisí á gbà á níbẹ̀ lọ sí Kútọnu. Ibi tí wọn kò ti jẹ́ kí ìyá mi fẹsẹ̀ tẹ̀, wàrà rẹ̀ ń gbabẹ̀ kọjá lójoojúmọ́! Inú mi dùn, mo ń dá kọrin nídìí ẹ̀rọ. Mẹ́gà, dátà tí mo ń rà sí fóònù, nìkan ló ń jìyà, torí ìyá mi ń dá gbogbo wọn lóhùn pa dà, ẹni tó rà àti ẹni tí kò rà.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ Pàràkú ti parí. Ìgbà tí mo wá rí i tó ń di àwọn aṣọ rẹ̀ sínú ẹrù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ó ní òun kò sọ pé kò tà. “Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà,” ló wí. “N kò rí ojú ẹnikẹ́ni.” Mo fi ìbínú padà sídìí ẹ̀rọ.

Nígbà tí Arigbo ku ọ̀la, ó ní kí n gba ohùn òun sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀. Ó kí wọn kú ìmúra, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó dákẹ́ níbi tó yẹ. Ó wá fi kún un pé, “Abẹ́ òkè ni mo wà, níbi tí mo máa ń wà.” Mo fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kejì, òjò dá láàárọ̀, àpáta sì ń dán. A jókòó. Bọ́ọ̀sì ńlá kan kọjá fìrí, òmíràn tẹ̀ lé e, atẹ́gùn wọn ṣí aṣọ orí wàrà. Ìyá mi fi sùúrù tún un bò. Òmíràn tún kọjá, mo ti ń ṣẹ́ èpè fún un lábẹ́nú, àfi bó ṣe rọra lọ sẹ́bàá ọ̀nà níwájú, tó dúró. Àwọn èrò ibẹ̀ ti gbọ́ ohùn ìyá mi nínú fóònù, wọn kò sì jẹ́ kí awakọ̀ sinmi. Fèrèsé ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, orí ń yọ jáde. Mo sáré gbé abọ́, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó rìn lọ bá wọn pẹ̀lẹ́.

“Ẹ kú ewu ọ̀nà o.”

Gbogbo bọ́ọ̀sì dáhùn.

“Ilé ńkọ́?”

Wọ́n ní àlàáfíà ni.

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

Wọ́n ní wọ́n wà. Ẹnìkan lẹ́yìn ké bí ewúrẹ́, ẹ̀rín sì bú jáde láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń wò wọ́n láti fèrèsé dé fèrèsé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti dárúkọ wàrà. Èmi ni mo bá a dárúkọ rẹ̀. Kí awakọ̀ tó lọ, òun náà ra tirẹ̀, ó ní tóun bá ń padà bọ̀ òun á tún dúró.

Nírọ̀lẹ́, abọ́ ti ṣófo. Ìyá mi ní kí n gba ohùn òun sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó kí i kú iṣẹ́, ó dákẹ́. Ó béèrè ìyàwó, ó dákẹ́. Ó béèrè àwọn ọmọ, ó dákẹ́. Ó wá ní, “Ọmọ mi, fi yàrá yẹn gba àlejò. Bọ́ọ̀sì ti dúró.”

Mo rò pé ó ti parí, mo fẹ́ tẹ fóònù kó lọ. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. Mo bá a dákẹ́, àwa méjèèjì ń dúró de ohun tí ẹ̀gbọ́n mi máa sọ.