Aṣọ tí Àǹtí Wúrà Ní Kí N Wọ̀

Àǹtí Wúrà, àbúrò bàbá mi, lẹni àkọ́kọ́ tó ṣe mí níbi láyé. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí wọ́n mú mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní “wọ́n”. Mo ti pè é bẹ́ẹ̀ tó. Tíṣà ni. Bí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, màá sá wọ ilé ìdáná, bí mi ò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé láti iléèwé àwọn akọ̀wé kan ní Yábàá pé kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí n sì wọ aṣọ “formal”. Bí mi ò bá wọlé, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń padà sí, sílé ọkùnrin àgbàlagbà kan tí bàbá mi ti gba ìdána mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò sì mọ ìtumọ̀ “formal” yẹn. Ìwé atúmọ̀-èdè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ọwọ́ Àǹtí ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo kúnlẹ̀, mo bi í.

“Gbogbo ìwé tí o kà, kò dé ibẹ̀? Ohun tó bá yẹ níwájú àgbà ni. Ìró àti bùbá, gèlè lórí. Tí o bá wọlé, kúnlẹ̀, má wojú ẹnikẹ́ni. Àbí o fẹ́ kí wọ́n sọ pé mi ò kọ́ ọ nílé?”

“Rárá o, mà.”

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Nígbà tí mo débẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì dúdú àti búláòsì funfun ni gbogbo àwọn tó kù wọ̀. Ọmọbìnrin Àǹtí, ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń gbélé, jókòó sáàárín wọn, òun tí ìyá rẹ̀ ní ó lọ jíṣẹ́ ní Ìjọra láàárọ̀ yẹn. Bàtà rẹ̀ ń dán. Kò kí mi.

Mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn mẹ́ta tó jókòó sídìí tábìlì. Ìyá kan nínú wọn ní, “Dìde, ọmọ mi. Wò mí lójú, kí o sọ orúkọ rẹ.” Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó tún un sọ. Ohùn mi ò jáde.

“Ó dáa, máa lọ. Ẹni tó máa lè dá àlejò lóhùn là ń wá.”

Ọmọ Àǹtí ló wọlé. Èmi lọ lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkùnrin yẹn kí n tó rí ọ̀nà sá padà síléèwé.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, fóònù yín á sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún yín kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni. Á ní “formal” ni ìmúra àti ìwà tó bá ètò ibi tí èèyàn ń lọ mu, àti pé ibi kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ìkúnlẹ̀ tí wọ́n ń yìn mí fún ní àgbàlá bàbá mi, àìlajú ni wọ́n kà á sí ní Yábàá. Ẹ ò ní láti bẹ̀rù ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú.

Nígbà tí àìsàn dá Àǹtí dùbúlẹ̀, mo lọ bá a, mo bi í bóyá àṣìṣe ni. Ó ní, “Àṣìṣe kọ́. Àyè ẹyọ kan ló kù níléèwé yẹn, mo sì ní ọmọ tèmi.”