Ẹ̀rí Tí Kì Í Ṣe Ti Àṣàkẹ́

Ní ṣọ́ọ̀bù Bọ́lánlé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, níbi tí obìnrin mẹ́rin ti ń ran ìlẹ̀kẹ̀ sára léèsì, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ojú ń ṣiṣẹ́, etí nìkan ló jókòó bí ọba tí kò rí ìránṣẹ́ kankan rán. Etí tí kò bá sì rí iṣẹ́ ṣe, òfófó ni yóò máa wá kiri. Ìdí nìyí tí Bọ́lánlé fi ra sípíkà kékeré kan, tó sì ṣòfin pé kálukú ló ní ọjọ́ tirẹ̀ tí yóò yan ohun tí gbogbo ilé máa gbọ́. Pọ́díkáàsì ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é. Ètò bíi ti rédíò ni, àmọ́ kì í dúró de aago. Ìgbà tó bá wu èèyàn ni yóò gbọ́ ọ lórí fóònù.

Ọjọ́ Ajé ni ti Bọ́lánlé fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan ló máa ń fi sí i, tó ń ṣàlàyé béèyàn ṣe lè ra ilẹ̀ l'Ékòó láì kó sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. Bọ́lánlé kò ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá ti ń gbọ́ ọ, ó máa ń dà bíi pé òun ti ń gbá àgbàlá ilé òun. Christabel tó kéré jù nínú wọn ló ni Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan tó ń fi ọkùnrin ṣẹ̀fẹ̀ ni tirẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n," ni Christabel máa ń wí. "Wọn ò tíì mọ̀ ni."

Ọjọ́bọ̀ ni ti Àmínát, ìyá Taoheed. Ọkùnrin kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń sin oyin ló yàn. Yàrá kan ṣoṣo ni Àmínát ń gbé ní Mushin, kò sí ibi tí yóò gbé ilé oyin sí àfi orí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ọkùnrin yẹn kì í jágbe. Oyin ń ta á, kò jágbe. Ẹni tí kì í jágbe ni mo fẹ́ máa gbọ́."

Ọjọ́rú ni ti Àṣàkẹ́, ìyá Jael.

Orúnkún Ìyá ni ètò Àṣàkẹ́ ń jẹ́. Moyọ̀sọ́lá kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù ló ń ṣe é. Àwọn ìyá yóò fi ohùn ara wọn jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wọn, wọn yóò fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, èyí tó bá wọni lára jù ni Moyọ̀sọ́lá yóò gbé jáde. Ohun tí Àṣàkẹ́ fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò sí wàhálà tí wọ́n sọ tí kì í yanjú kí ìṣẹ́jú ogún tó pé. Ayé kì í ṣe kíá bẹ́ẹ̀. Ó ti pín ètò yìí fún gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ó pín in fún ẹlẹ́ja, ó pín in fún onílé rẹ̀. Bó bá ti rí ọ, kó tó kí ọ tán, "Ṣé ẹ ti gbọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí?"

Òun náà ti fi ẹ̀rí ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, bí ibà ṣe fi í sílẹ̀. Èkejì, bí Jael ọmọ rẹ̀ ṣe ríṣẹ́ sí Yaba. Wọn ò gbé ọ̀kankan jáde. Ó dun Àṣàkẹ́ wọra, òun tó ti ṣe díákónẹ́ẹ̀sì fún ọdún mọ́kànlá. Àfi bíi pé oore tí Ọlọ́run ṣe fún òun kò ní iyọ̀ tó. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìgbéraga náà mọ bó ṣe ń wé gèlè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọjọ́ òjò kan, Àṣàkẹ́ àti Àmínát nìkan ló dé ṣọ́ọ̀bù. Àmínát ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, torí ojú tirẹ̀ ríran ju ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Láì gbójú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ìyá Jael, ǹjẹ́ mo sọ fún ọ rí pé èmi ni mo lé Taoheed?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Taoheed nígbà náà. Ní ọjà Ọ̀yìngbò, ìgò epo tí ìyá rẹ̀ fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ rà bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ó fọ́. Àmínát jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo ọjà: "Máa lọ! Lọ wá ìyá mìíràn!" Ọmọ sì lọ. Láti òwúrọ̀ títí di ìgbà ìrun Alásárì ni ìyá ń sunkún kiri. Ní Èbúté Mẹ́ta ló ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, tí òṣìṣẹ́ rélùwéè kan jókòó tì í.

"Ó ní òun ń wo ọkọ̀ ojú irin ni òun fi ṣìnà," ni Àmínát wí. "Ó ti gbàgbé ohun tí mo sọ. Mi ò sọ fún bàbá rẹ̀ títí ó fi kú. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

Àṣàkẹ́ gbàdúrà fún un, omi bọ́ lójú àwọn méjèèjì.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Àṣàkẹ́ ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó gbé fóònù sẹ́nu, ó sì jẹ́ ẹ̀rí náà bíi tirẹ̀. Ó sọ Taoheed di Jael. Ó sọ epo di ẹyin. Ó fi ààwẹ̀ àti orin ìyìn sí ìparí rẹ̀. Ó tilẹ̀ sunkún, ẹkún náà sì dùn. Ó ní ògo Ọlọ́run ṣáà ni, ògo Ọlọ́run kò sì ní olówó.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbà pé wọ́n tún ti jù ú nù.

Ní Ọjọ́rú kan, ó fi Orúnkún Ìyá sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Moyọ̀sọ́lá kí àwọn olùgbọ́, ó ní, "Ẹ̀rí tòní, láti ọ̀dọ̀ Màmá Jael ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó."

"Ha! Ìyá Jael!" Bọ́lánlé pariwo, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ti di gbajúmọ̀!"

Àṣàkẹ́ na ọwọ́ sí sípíkà. Christabel gbá ọwọ́ náà mú. "Ẹ má pa á, Mọ́mì! Ẹ jẹ́ ká gbọ́ yín!"

Ohùn Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ sì jáde sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Mo sọ fún ọmọ mi pé, máa lọ, lọ wá ìyá mìíràn..."

Ọwọ́ Àmínát dúró. Abẹ́rẹ́ wà nínú léèsì, ìka wà lórí abẹ́rẹ́, kò fà á, kò tì í. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àbọ̀ ni ẹ̀rí náà gbà. Àṣàkẹ́ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́fà àbọ̀ lè gùn ju ààwẹ̀ Lẹ́ńtì lọ.

Nígbà tó parí, Christabel ń nu ojú. "Mọ́mì, bàbá rélùwéè yẹn, kí ló fún Jael jẹ látàárọ̀?"

Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlẹ̀kẹ̀ tí kò sọnù. Kò bi Àmínát léèrè ìyẹn rí.

"Búrẹ́dì ni," ni Àmínát wí, orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Búrẹ́dì àti omi. Ó ti sọ fún mi rí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ràn padà. Nígbà tí òwú Àṣàkẹ́ tán, tó na abẹ́rẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, Àmínát wo abẹ́rẹ́ náà bí ẹni pé ti àlejò ni. Christabel ló bá a ti òwú bọ̀ ọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Christabel ti pín ẹ̀rí náà fún gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà wọn, Bọ́lánlé ti fi ránṣẹ́ sí ẹbí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ọjọ́ Ẹtì, Jael pè láti ibi iṣẹ́.

"Mọ́mì, ọjọ́ wo ni mo sọnù?"

"Jael, ọmọ mi, kú iṣẹ́ o."

"Ẹni tó ń jókòó tì mí níbi iṣẹ́ ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun sunkún nínú kẹ̀kẹ́. Ó ń bi mí bóyá mo ṣì ń bẹ̀rù ọjà."

"Àpèjúwe ni, Jael."

"Àpèjúwe tí wọ́n dárúkọ mi sí? Mọ́mì, ẹ̀rí ta ni?" Ìyá gbé fóònù lọ sí etí kejì. Ohùn Jael lọ sílẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jí ẹ̀rí?"

Àṣàkẹ́ tó fi pàṣán àti súìtì kọ́ ọmọ yìí ní òfin mẹ́wàá! Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè, ìwọ kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké: ó rú méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi orin ìyìn parí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ó gbọ̀nà Mushin lọ. Àmínát ń fọ ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

"Àmínát, mo ṣẹ̀ ọ́. Màá fi ohùn mìíràn ránṣẹ́ lónìí. Màá sọ pé kì í ṣe tèmi."

"Ẹ dìde, Ìyá Jael," ni Àmínát wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò fi ẹ bá a sọ̀rọ̀ rí. "Tí ẹ bá sọ pé kì í ṣe tiyín, kí ni wọ́n máa bi yín? Wọ́n á ní ti ta ni. Taoheed ń gbọ́ nǹkan wọ̀nyí bí ẹni ń mu omi. Ẹ ti gbé e. Ẹ máa rù ú. Ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi."

Ó da omi ìkòkò nù. Ọ̀rọ̀ tán.

Bẹ́ẹ̀ ni Àṣàkẹ́ rù ú. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ìyá ìjọ dì mọ́ ọn níkọ̀ọ̀kan. "Ẹ ṣeun tí ẹ lè sọ òótọ́ báyìí," ni wọ́n ń wí. Pásítọ̀ ní kó wá jẹ́ ẹ lórí pẹpẹ, ó di ọ̀fun mú, ó ní ohùn òun há. Ìyẹn náà, irọ́ ni. Ìyìn tí wọ́n ń da sí i lára ń ta á bí ata tó bọ́ sójú, kò sì lè bu omi bọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú tún dé. Àṣàkẹ́ kò tíì tan sípíkà nígbà tí Taoheed yọjú, ọkùnrin gíga tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó mú ṣájà tuntun wá fún ìyá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó wá kọjú sí Àṣàkẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá Jael! Mo gbọ́ yín o. Èmi àti Jael, Ọ̀yìngbò kan náà la ti sọnù, Jael ò sì sọ fún mi rí!"

"Taoheed, ọmọ mi," ni Àṣàkẹ́ wí. Abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́.

"Ṣé ẹ ti bẹ Jael?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń gbọ́. Àṣàkẹ́ kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Àmínát wà. "Ojú ń tì mí," ló lè sọ. Òótọ́ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà láti ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn.

"Ẹ má jẹ́ kó tì yín. Ọmọ mọ ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ń bínú, ó sì mọ ìgbà tó bá ń wá òun kiri." Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó fi ṣájà náà lé orí itan ìyá rẹ̀. "Ẹyin ló fọ́ ní tiyín. Tèmi, epo ni."

Ó kí wọn, ó gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Christabel ń rẹ́rìn-ín sí i pé Taoheed mà ń dàgbà. Bọ́lánlé ń wá òwú funfun. Àwọn méjì tó kù nìkan ni ọ̀rọ̀ náà yé. Láti ọjọ́ tó sọnù yẹn, kò sí ẹni tó tún dárúkọ epo fún Taoheed. Kò gbàgbé nǹkan kan. Láti ọdún méjìdínlógún ló ti ń sọ pé ọkọ̀ ojú irin ni òun ń wò, kí ojú má bàa ti ìyá òun. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pa àṣírí mọ́ fún ìyá rẹ̀. Díákónẹ́ẹ̀sì ọdún mọ́kànlá kò lè pa á mọ́ ju oṣù mẹ́ta lọ.

Àmínát fi etí ìborí rẹ̀ nu ojú, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ìyá Jael," ni Bọ́lánlé wí, "ọjọ́ yín ni. Kí la fẹ́ gbọ́?"

Àṣàkẹ́ wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Kò rí ohun tó tọ́ sí i níbẹ̀.

"Ẹ bá a fi ti oyin sí i," ni Àmínát wí.

Ọkùnrin tí kì í jágbe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Òwú Àṣàkẹ́ ti tán. Kò na abẹ́rẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó lá orí òwú, ó tì í, kò wọlé. Ó tún tì í.