Ìgò Mẹ́rin Nínú Táńkì Ẹ̀gbọ́n

Èmi ni mo ta ìgò àkọ́kọ́ fún wọn, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Páàtì ọkọ̀ ni mo ń tà, ṣọ́ọ̀bù mi sì fara kan ibi tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wọlé, wọ́n ń nu òógùn ọrùn.

"Ìyàwó, ṣé o ní oògùn tí wọ́n ń dà sínú táńkì, èyí tó ń fọ inú ẹ́ńjìnì? Ọkọ̀ mi ti ń tagìrì. Tí mo bá tẹ iná báyìí, á fò síwájú, á tún fẹ́ dúró."

Mo ní ó wà. Mo nu eruku ara ìgò, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Ta ni kì í ta ọjà rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n yìí, ogójì ọdún ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ. Ogójì ọdún, wọn ò gbá ajá rí! Oorun àsùnhanrun ni àwọn èrò ń sùn lẹ́yìn wọn. Ẹ̀gbọ́n náà ni wọ́n tọ́ ọkọ mi dàgbà, àwọn ni wọ́n kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Ọkọ mi sọ pé tí òun bá ti ki jíà bọ̀ ọ́ gàù, wọ́n á ní kí òun sọ̀kalẹ̀, kí òun lọ dúró níwájú ọkọ̀, kí òun bẹ̀ ẹ́. Ẹ ò rí ìyà!

Kíndìnrín ìyàwó wọn, ìyàálé mi, ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ọjọọjọ́ Túsìdeè àti Fúráìdeè ni wọ́n ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, Ẹ̀gbọ́n ló sì ń gbé wọn lọ. Àwọn ọmọ wọn ti ní àwọn máa wá dírẹ́bà. Ẹ̀gbọ́n fi ìbínú dìde lórí àga lọ́jọ́ náà. "Tí mi ò bá lè gbé ìyàwó mi dé ọsibítù mọ́, kí ni mo wá ń ṣe láyé?" Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n padà wá ra ìgò kejì, wọ́n ra ẹ̀kẹta. Ìgò kẹrin ni ọkọ mi ká mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé omi mímu lò ń tà fún wọn ni?"

"Ṣé èmi ni mo ní kí ọkọ̀ wọn máa tagìrì?"

"Oògùn yẹn kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe idán. Tí ìdọ̀tí díẹ̀ bá dí ojú nọ́súlù tó ń fọ́n epo, ó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Tí ojú nọ́súlù bá mọ́, kí ló fẹ́ fọ̀? Tí nǹkan bá sì ti bàjẹ́, kò lè tún un ṣe."

Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ìwàásù! Ṣùgbọ́n ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, gbọ́. Tí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi lónìí, lọ́la á dìde, á gbá yàrá, á tún rí okun bá mi jà. Tó bá di ọjọ́ kẹta, á rẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tún fọ̀ ọ́. A ò ní kó sú wa, a kàn ń fọ̀ ọ́ lọ ni. Ọkọ̀ wá yàtọ̀?"

Ọkọ mi ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá kí òun tú u wò. Èmi sáré wọ inú ṣọ́ọ̀bù, mo ṣe bí ẹni ń wá nǹkan, torí omi ti dé ojú mi.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ọkọ mi tú ọkọ̀ náà. Ó yọ nọ́súlù, ojú wọn mọ́ kedere. Púlọ́ọ̀gì dára, fíltà dára, pọ́ǹpù ń ti epo bó ṣe yẹ. Ó họ orí. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n wà á kí òun gbọ́ ọ. Ìyàálé mi wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, làwa méjèèjì bá wọ ẹ̀yìn.

A ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tagìrì. Ní ìkóríta, obìnrin kan tó gbé ọmọ ń sọdá. Ọkọ̀ kàn ṣàdédé fò síwájú! Obìnrin náà fò sẹ́yìn, ó gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ṣépè fún wa. Èpè náà tọ́ sí wa.

Ọkọ mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n bá yín wà á." Wọ́n pààrọ̀ ìjókòó. Ó wà á yí àdúgbò ká, ọkọ̀ náà ò tagìrì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ ò rí i?" Inú Ẹ̀gbọ́n dùn bí ọmọdé. "Oògùn ti ń ṣiṣẹ́!"

Ọkọ mi rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa iná ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n ló ń wò. Èmi náà nọ ọrùn, mo wò ó. Ṣòkòtò ń gbọ̀n lórí orúnkún wọn, bẹ́ẹ̀ wọn ò tẹ nǹkan kan. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ mi parọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ẹ́ńjìnì yín mọ́. Ó ti mọ́ kẹ́ ẹ tó ra ìgò àkọ́kọ́."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún náà. Kò dúró. Wọ́n fi ọwọ́ kejì kún un.

"Ẹsẹ̀ mi ni," ni wọ́n wí.

Ìyàálé mi dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn. "Mo mọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń gbọ̀n lórí ibùsùn. Mo máa ń gbé ẹsẹ̀ tèmi lé e, kẹ́ ẹ lè rí oorun sùn."

"O mọ̀, o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ ní tẹ́ ẹ ò bá lè gbé mi lọ mọ́, kí lẹ wá ń ṣe láyé. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù."

Ẹ̀gbọ́n sunkún. Ọkọ mi dorí kodò sórí sítíárì. Tèmi ò ṣeé sọ, mo ń sun ún bí ẹni wọ́n nà.

Dọ́kítà ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ náà báyìí. Ní Fúráìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ pa, ó lọ wa ọkọ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n jáde nílé, wọ́n lọ tààrà sí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, wọ́n ṣí i, wọ́n bá àbúrò wọn níbẹ̀. Wọ́n rọra pa á dé. Ìyàálé mi tó ti jókòó sẹ́yìn ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sún fún Ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, wọ́n fa ọwọ́ ọkọ wọn, wọ́n gbé e lé itan.

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń gbé mi kiri," ni wọ́n wí, "ìpàkọ́ yín nìkan ni mo máa ń rí. Ẹ kọjú sí mi, kí n wò yín."