Ìyá Oníyọ̀ Lẹ́nu Géètì Omi

Yàrá kótópó kan lẹ́yìn ọgbà màlúù ni ìyá ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń po iyọ̀ mọ́ egungun sísun àti ìkarahun tó ti gún kúnná. Á fi amọ̀ díẹ̀ sí i, á mọ ọ́n bíi búlọ́ọ̀kù, á sì sá a títí á fi le koko. Ìyá Oníyọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Tí àwọn màlúù bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ báyìí, ahọ́n yíyọ ló kù. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì yọ̀ mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó nídìí tó fi ń mọ ọ́n. Búlọ́ọ̀kù le, díẹ̀díẹ̀ ni màlúù lè lá a. Iyọ̀ lásán, ńṣe ni wọ́n á máa fẹnu kó o, àjẹjù rẹ̀ sì ń pa wọ́n, pàápàá níbi tí omi ò bá sí.

Bàbá ọkọ mi mọ èyí dáadáa, àánú lásán ló ń dà á láàmú. Ibà dá Màmá dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ búlọ́ọ̀kù. Àwọn màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í lá ògiri, wọ́n jẹ aṣọ tí mo sá mọ́ okùn. Bàbá ò lè wò ó mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó da odidi àpò iyọ̀ sínú ọpọ́n oúnjẹ wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń fa omi ti kọṣẹ́.

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó tún ẹ̀rọ náà ṣe. Bí omi ṣe ń ya sínú àgbá sìmẹ́ńtì, àwọn màlúù ń fi àyà ti géètì tó wà láàárín wọn àti omi, mo sì sáré lọ ṣí i. Màmá, tí ibà ò tíì fi sílẹ̀ tán, di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Má ṣí i."

"Màmá, òùngbẹ fẹ́ pa wọ́n."

"Mo mọ̀. Pẹ̀lú iyọ̀ tó wà nínú wọn yìí, tí wọ́n bá mumi yó lẹ́ẹ̀kan náà, ó parí nìyẹn. Gbé korobá. Díẹ̀díẹ̀ la máa fún wọn."

Mo gbé korobá. Ibi tá a ti ń pọnmi ni Bàbá bá wa.

"Ìyá Oníyọ̀, kí ni àwọn ẹran yìí fi ṣe ẹ́?"

"Bàbá, iyọ̀ tí ẹ fún wọn ni mò ń bá jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀."

Arẹwà, abo màlúù tí Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ láti kékeré, tó sì ti lóyún, ń ké lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí àwa ṣe kọjú sí àwọn yòókù, Bàbá yọ pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó jẹ́ kó kọjá. Ìgbà tí a fi máa bojú wẹ̀yìn, ó ti ki ẹnu bọmi, Bàbá ń fọwọ́ pa á lọ́rùn.

"Mu, ìyá mi. Mu dáadáa."

Ó mu ún tẹ́rùn. Kò pẹ́ sígbà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fi orí ti ògiri, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá kúnlẹ̀ tì í, ó ń pe orúkọ rẹ̀ títí tí kò fi mira mọ́.

Inú bí mi sí Bàbá ọkọ mi lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Mo ti ń dúró de èébú tí Màmá máa bú u. Màmá ò bú u. Ó dá pákó padà sáyè rẹ̀, ó fi korobá lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ dìde. Àwọn tó kù ń retí wa."

Bàbá bu omi, ó gbé e dé ẹnu màlúù tó sún mọ́ ọn jù. Ẹran náà fà á gbùrà.

"Ṣé ó ti tó?" Ó wo ojú Màmá.

"Ó ti tó."

Màlúù náà na ọrùn tẹ̀ lé omi. Omijé ń dà lójú Bàbá, ṣùgbọ́n ó fa korobá sẹ́yìn.