Ọjọ́ tí Mo Ní Alábàárù Kò Ṣiṣẹ́

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ní físíìsì, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló dààmú mi jù. Ọ̀rọ̀ náà ni iṣẹ́. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Ọmọ Ọ̀gbàgì ni mí, Ọ̀kà ni mo gba yàrá sí, Ìkàrẹ́ ni ilé ìwé wà. Ìwé ṣì ń gùn mí nígbà náà. Bí ọmọ bá bi mí ní ohun tí n kò mọ̀, ṣe ni mo máa ń jágbe mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kan, mo dúró níwájú kíláàsì àṣekágbá. Mo ní, "Nínú físíìsì, kì í ṣe pé èèyàn làágùn la fi ń mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́. Bí agbára rẹ bá ti nǹkan, tí nǹkan náà sì lọ síbi tí o ń tì í sí, ìgbà yẹn lo ṣiṣẹ́." Mo ti ògiri títí iṣan ọrùn mi fi yọ. Ògiri kò mira.

"Mélòó ni iṣẹ́ tí mo ṣe?"

"Òdo, sà!"

Inú mi dùn, mo bá fi àpẹẹrẹ inú ìwé kún un. "Ẹni tó ru ẹrù rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, òkè ni ọrùn rẹ̀ ń ti ẹrù sí, iwájú ni ẹrù ń lọ. Kò ṣe iṣẹ́ kankan lórí ẹrù yẹn. Ẹ lọ wo àwọn alábàárù ọjà wa." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ráfátù, tó mọ físíìsì ju gbogbo wọn lọ, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ráfátù kò wá. Lọ́jọ́ kẹta, kò wá. Ìdánwò àṣekágbá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo sọ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́bàá ọjà, mo rí obìnrin kan tó ru àpò gàrí. Bó ṣe mọ́ wa lẹ́nu, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Obìnrin náà dúró. Ó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni tíṣà físíìsì?"

"Èmi ni, mà."

"Èmi ni ìyá Ráfátù. Iṣẹ́ wo lẹ kí mi kú?"

Kò yé mi. Mo rò pé kò gbọ́ mi dáadáa ni, mo bá tún un kí.

"Àsítágífúrúláì! Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọmọ mi pé mi ò ṣiṣẹ́. Mo délé, mo ní kó bá mi gbé omi gbígbóná wá, pé iṣẹ́ ti pa mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Màámi, òdo ni o.' Ọmọ tí mo fi ọrùn yìí rán níléèwé! Kò lọ mọ́. Ó máa bá mi ru ẹrù, kó lè mọ òdo tí mo ń ṣe."

Mo ní iṣẹ́ inú ìwé yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọjà.

"Iṣẹ́ mélòó ló wà? Bí mo bá rù ú gun òkè Ọ̀kà ńkọ́?"

"Ìyẹn, iṣẹ́ ni, mà."

"Bí mo bá wá rù ú sọ̀kalẹ̀ padà?"

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́kàn. Ojú tì mí. "Ó... ó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, mà."

Àwọn alábàárù yòókù rọ́ wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ráfátù fi ìka nu iwájú orí rẹ̀, ó nà án sí mi. "Òógùn yìí ńkọ́? Ta ló pa á rẹ́?"

Mo sá kúrò níbẹ̀. Mo délé ìwé, mo gbé ọ̀rọ̀ òógùn náà lọ bá ọ̀gá wa ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì.

"Ṣé ìdánwò máa bi wọ́n ní òógùn ni?"

"Rárá, sà."

"Kí lo wá ń wá kiri?"

Síbẹ̀ n kò sinmi. Bí ìwé kò bá purọ́, tí òógùn náà kò sì purọ́, ta ló ń purọ́? Orí mi dàrú pátápátá. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹnu mi ló máa ba ọmọ yẹn láyé jẹ́.

Nígbà tó di Sátidé, mo lọ sọ́jà. Mo bẹ ìyá Ráfátù pé kí wọ́n gbé ìlàjì àpò gàrí lé mi lórí. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, àmọ́ wọ́n gbé e. N kò tíì rin ogún ẹsẹ̀ tí ọrùn mi fi fẹ́ wọnú àyà. Ìyá Ráfátù ń tẹ̀ lé mi, wọ́n ń kígbe.

"Ẹ má fò! Ẹrù ń bá yín fò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, ẹ tún ń gbé e sókè lọ́tun ni. Ẹ dẹ orúnkún!"

"Ṣé tiyín kì í fò ni, mà?"

"Ó ń fò díẹ̀. Kò sẹ́ni tí tiẹ̀ kì í fò."

Mo dúró sójú ọ̀nà gbọin. Lọ́tun! Ẹrù kì í kàn lọ síwájú. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ó tún ń gòkè. Tó bá sì sọ̀, kò sẹ́ni tó ń dá agbára padà fún ọrùn. Ẹni inú ìwé mi ń yọ̀ lórí ilẹ̀ bí ìgbín, bẹ́ẹ̀ kò sírú ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìkàrẹ́.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Kí ni? Ẹ máa lọ jàre, ẹ dínà!"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ̀ǹda Ráfátù fún ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan. Ó wá, ó jókòó sẹ́yìn, kò wojú mi. Mo fa ìlà pa àpẹẹrẹ mi rẹ́ lójú pátákó. "Mo ṣì yín lọ́nà," ni mo wí, ọ̀rọ̀ tí n kò sọ rí níwájú ọmọ ìwé. Mo ṣàlàyé bí alábàárù ṣe ń gbé ẹrù sókè ní gbogbo ìṣísẹ̀, àti bí agbára ṣe ń tán nínú ẹran ara rẹ̀ kódà tó bá dúró lójú kan.

"Ta ló kọ́ yín, sà?"

"Ìyá Ráfátù ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ráfátù dorí kodò sórí tábìlì. Nígbà tó yá, ó nàwọ́ sókè. "Sà, ẹ jẹ́ kí n lọ rí màámi."

Aago kò tíì lù. Mo ní kó máa lọ. Ó sáré jáde láìmú àpò rẹ̀.

Ìgbà tó padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mo sọ ohun tí ẹ sọ ní kíláàsì fún wọn, sà. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n jókòó lé e, wọ́n sunkún. Wọ́n wá ní kí n padà sí kíláàsì mi."