Ọmọ Tó Pọn Ẹrù Wọ Sakété

“Má ṣe wọ ilé ẹni tí o kò mọ̀.” Ìkìlọ̀ keje nìyẹn nínú mẹ́tàlá tí mo kọ sínú ìwé fún àbíkẹ́yìn mi obìnrin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fẹ́ lọ sí ìlú kan tí kò dé rí, òun àti àpò ẹ̀yìn rẹ̀, kó máa fẹsẹ̀ rìn káàkiri, kó máa wo ilé, kó máa wo ènìyàn, kó sì máa sùn síbi tí agbára rẹ̀ bá mọ. Mo ti kọ ọ́ pé kó má ṣe mu omi tí kò rí orísun rẹ̀, kó má ṣe sùn láìti ilẹ̀kùn, kó má ṣe rìn lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Nígbà tí mo kọ gbogbo rẹ̀ tán tí mo ń tún un kà, mo dúró lórí ìkeje. Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ojú sì tì mí díẹ̀, nítorí pé bí èmi fúnra mi bá ti pa òfin yẹn mọ́ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, n kò rò pé ǹ bá mọ ìwé tó bẹ́ẹ̀ láti kọ ìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo pa ìwé ìkìlọ̀ tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ èyí.

Mo rántí ìgbà náà dáadáa. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n sọ àsíá Faransé kalẹ̀ níwájú ilé ìjọba ní Pobẹ̀, ìlú wa, tí wọ́n fa tiwa sókè, àwọn àgbà sì ń sọ pé ayé tuntun dé, àwọn ọmọ ni yóò jẹ ẹ́. Mo ti yege ìdánwò tí mo fi lè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Àjàṣẹ́, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, ṣùgbọ́n bàbá mi, àgbẹ̀ tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá mi wà ní Yoko, tí kò jìnnà sí Sakété, níbi tó ti ń bá àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wẹ ọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin aládùúgbò wa kan ti ọjà Sakété dé, ó ní ìyá mi ní kí wọ́n rán mi sí òun ní ọjà tó ń bọ̀, ní ọrún òní, kí n wá bá òun ru ẹrù padà sílé. Bàbá mi wò mí. Ó ní owó ọkọ̀ ojú irin kò sí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ìgbà tí èsì ìdánwò ti dé.

“Bí o bá dá lọ, tí o rí ìyá rẹ lójú ọjà Sakété, tí ẹ sì jọ padà wálé, wàá lọ sí Àjàṣẹ́. Bí o bá sọnù, oko náà ń fẹ́ ènìyàn. Ọmọ tí kò rí ìyá ara rẹ̀ ní Sakété, kí ló fẹ́ rí ní Àjàṣẹ́?”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ọkọ́, ó gba ọ̀nà abà rẹ̀ lápá Towé, ó ku èmi àti ìyá àgbà nílé. Mo fẹ́ràn ìṣirò nígbà náà, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mú ẹfun, mo fa ìlà márùn-ún sára ògiri, mo sì ń dábùú ọ̀kan ní alaalẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n jíṣẹ́ fún wa, n kò kà á, nítorí pé bí mo ti lóye ìṣirò ilé ìwé nìyẹn: ọjọ́ tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ ti ń lọ, kò sí lára èyí tó ń bọ̀. Nígbà tó ku ìlà méjì tí n kò tíì dábùú, ìyá àgbà jí ní òwúrọ̀, ó ní, “Ṣé òní kọ́ ni ọjà Sakété ni?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo fà á lọ́wọ́ lọ síwájú ògiri bí olùkọ́, mo ka ìlà náà fún un, mo ní ọ̀la ni. Ìyá àgbà, tó ti ń ná ọjà yẹn kí wọ́n tó bí bàbá mi, wo ògiri, ó wò mí. Ó ní, “Ó dáa. Ìwọ lo lọ sí ilé ìwé.” Mo gbà á bí ìyìn.

Mo ti fi àpò ìyẹ̀fun kan rán ohun tí mo lè fi kọ́ èjìká méjèèjì, bí mo ti rí i lára àwọn arìnrìn-àjò inú ìwé kíkà wa. Mo kó aṣọ kan, gàrí díẹ̀, igbá kékeré kan àti ìwé èsì ìdánwò mi sínú rẹ̀, mo sì jáde lọ́jọ́ kejì nígbà tí àkùkọ ń kọ. Ojú irin ni mo tẹ̀ lé, nítorí pé irin kì í yà sí oko olóko. Mo ń ka igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin bí mo ti ń rìn. Bí mo bá kà á dé ẹgbẹ̀rún, màá gbàgbé, màá tún bẹ̀rẹ̀. N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi mọ ohun tí ìwé kíkà wa kò sọ. Ní ilẹ̀ wa, orí ló ń ru ẹrù, ẹ̀yìn sì ni ti ọmọ. Àwọn obìnrin tó ń lọ sóko dúró wò mí. Ọ̀kan béèrè bóyá akọ ni mo bí àbí abo. Èkejì ní kí n gbé ìdí rẹ̀ sókè, ó ń yọ̀ bọ̀. Mo gbé imú sókè, mo ń lọ. Mo rò pé wọn kò lajú ni.

Oòrùn ti kúrò ní àtàrí nígbà tí mo wọ Sakété. Mo béèrè ọjà, wọ́n júwe rẹ̀ fún mi, mo dé ibẹ̀, mo bá òpó ìsọ̀ lásán, ewé gbígbẹ, ewúrẹ́ mẹ́rin àti obìnrin kan tó ń gbálẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i kú iṣẹ́, mo ní ṣé ọjà kò tíì kún ni. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ilẹ̀.

“Ọjà wo? Àná la ná an. Bí a bá ń ka ọrún, a kì í yọ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.”

Mo rí ògiri ilé wa, mo rí ìlà márùn-ún, mo sì rí oko bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó jókòó lórí òpó wíwó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín nítorí àpò mi. Mo dìde, mo yíjú padà, mo ń yára lọ. Agbálẹ̀ náà pè mí pé, “Ọmọ, dúró ná.” Mo rò pé òun náà fẹ́ béèrè akọ tàbí abo. N kò dúró.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Èmi kò béèrè, mo sì ṣìnà tó bó ti yẹ. N kò mọ ọ̀nà Yoko, n kò mọ ẹnì kankan ní gbogbo ìlú náà, ojú sì ń tì mí láti sọ pé èmi tí mo gba ipò kìíní nínú ìṣirò kò lè ka ọjọ́ ọjà. Nítorí náà mo sọ ara mi di ẹni tó wá wo ìlú. Mo ń rìn láàárín àwọn ilé ògiri pupa, mo ń kọjá níwájú ẹnu ọ̀nà tí wọ́n to bàtà sí ní ìlà, níwájú àwọn oníṣòwò tó ń bá oníbàárà kan sọ èdè Gùn tí wọ́n sì ń yíjú bá èkejì sọ Ànàgó. Bí ẹnì kan bá wò mí, màá dúró níwájú ilé kan, màá mi orí bí ẹni tó ti rí ohun tó wá wò. Mo mi orí fún mọ́sálásí. Mo mi orí fún ibùdókọ̀ ojú irin. Mo mi orí fún ilé adìẹ kan.

Bàbá arúgbó kan wà tó ń rán fìlà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Mo kí i nígbà àkọ́kọ́ tí mo kọjá. Mo kí i nígbà kejì. Nígbà kẹta, mo wolẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́.

“Ìwọ tó pọn ẹrù, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ṣé ọmọ náà kò tíì sùn ni?”

Mo ní ìlú ni mo ń wò, bàbá. Ó bi mí pé kí ni mo rí. Mo tún wolẹ̀.

“Ẹni tó ń wo ìlú kì í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀,” ó ní. “Ọmọ ta ni ọ́?”

Ìbéèrè yẹn ló já okùn. Mo ti gbéra láti Pobẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹkún kò sì wá, àfìgbà tí ẹnì kan béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó pe ìyàwó rẹ̀, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó ń ta aṣọ, ó sì ní kí n wọlé. Mo dúró lórí ìloro. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹni tí n kò mọ̀. Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Bàtà ni a ń bọ́ níbí, a kì í bọ́ ẹsẹ̀. Wọlé.” Mo wọlé. Ó bu omi fún mi, ó gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀wà síwájú mi, kò sì béèrè nǹkan kan títí mo fi jẹun tán. Nígbà tí mo wá dárúkọ ìyá mi àti Yoko, ó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì wò ó.

“Ìwọ ni a ń wá láti àná,” ó ní.

Ó sọ pé ìyá mi ti dúró lójú ọjà títí wọ́n fi palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. Kò pariwo. Ó rò ó, ó tún un rò, lẹ́yìn náà ló lọ bá àwọn onísọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú agbálẹ̀ ọjà, ó ní, “Ọ̀la lọmọ mi máa dé. Bó ṣe ń kà á nìyẹn. Òun náà ló ní kí á sún ìkómọ àbúrò rẹ̀ síwájú lọ́jọ́ kan.” Ó bẹ̀ wọ́n pé ẹni tó bá rí mi kó fi mí jókòó sójú kan, òun yóò padà wá láti Yoko nígbà tí òun bá wẹ ọmọ ìrọ̀lẹ́ tán. Gbogbo ìgbà tí mo ń mi orí fún ilé adìẹ, ìlú tí mo ń sá fún ló ń wá mi.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, obìnrin náà mú mi padà sójú ọjà. Agbálẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ní, “Mo pè ọ́, ẹ̀yìn lo kọ sí mi, ẹ̀yìn náà sì kún.” Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ìdàrúdàpọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí mo fi rí ìyá mi lójú ọ̀nà Yoko, tó ń rìn kíákíá, tí kò sáré. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fọwọ́ kan orí mi, èjìká mi, ọwọ́ mi méjèèjì, bí ẹni tó ń ka nǹkan tó kó síta kó má baà dín. Lẹ́yìn náà ló rí àpò mi.

“Sọ̀ ọ́ kalẹ̀,” ó ní. “Ó ti sùn.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìtẹ́ nǹkan kan. Nígbà náà mo rò pé ìrìn ló rẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo bí tèmi ni mo tó mọ̀ pé ó mọ̀ dájú pé màá dé, síbẹ̀ kò sùn.

Ilé bàbá aránfìlà la sùn. A padà sí Pobẹ̀ lọ́jọ́ kejì, orí ni mo fi ru ẹrù. Nígbà tí bàbá mi ti abà dé, ó béèrè bóyá mo rí ìyá mi. Ìyá mi ní, “Ojú ọjà gan-an ni mo ti bá a.” Irọ́ kò sí níbẹ̀. Bàbá mi mi orí, ó lọ fọ ọkọ́ rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ lílọ mi sí Àjàṣẹ́ ṣe yanjú nìyẹn. Ìyá àgbà ti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bọ omi, ó lọ sí ìdí ògiri, ó pa ìlà kan rẹ́ nínú márààrún. Ó ní, “Ó pé báyìí.”

Mo ti padà sórí ìwé ìkìlọ̀ ọmọ mi. Àwọn méjìlá yòókù ṣì wà, n kò yọ ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni màá sì máa wo ojú ọ̀nà títí yóò fi dé. Ṣùgbọ́n mo fa igi lé ìkeje, mo sì kọ èyí sí ipò rẹ̀: “Bí o bá kọjá ní ẹnu ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mẹta, dúró, kí onílé, kí o sì sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́.” Ìyókù kò sí lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ yín ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka èyí, ní ìlú yòówù tí ẹ bá wà, bí ọmọ kan tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn bá kọjá níwájú ilé yín lẹ́ẹ̀kẹta, tó ń ṣe bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é. Bí kò bá dúró, ẹ tún un pè.