Bí Ìyá Mi Ṣe Dúpẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Òsì kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì péré tó dójú tì mí.

Ìyá mi fẹ́ dúpẹ́ ọgọ́rin ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ti fi í sí ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Àbújá ni yóò kó àwọn ará ìlú ńlá wá. Lọ́jọ́ kan ó kọ Gẹ̀ẹ́sì sórí fóònù mi pé ìdúpẹ́ ti di "brought forward" ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá mi tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé bi mí pé kí ló wí.

"Wọ́n ti sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan ni, Màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. A ó tún ráyè múra dáadáa."

Bí a bá ní a sún nǹkan síwájú nílé wa, ó pẹ́ sí i nìyẹn. Mo ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wa ní Odò-Ọ̀wà, mo sọ fún àlùfáà, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n ń dirun fún mi, apá kan ṣì rí wúruwùru, ni bọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sílẹ̀, èèyàn mẹ́rìnlá tẹ̀ lé e.

"Ìkòkò dà? Ọ̀la kọ́ ni ìdúpẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà lẹ ní a ti sún un síwájú!"

"Síwájú náà ni mo wí! A ti fà á súnmọ́ wa!"

Ìyá mi ń ti oko bọ̀. Nígbà tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Bí tíṣà bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, báwo ni àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe máa gbọ́ ọ?"

Ó ní kí n sáré lọ bá àlùfáà. Bí mo ṣe lọ nìyẹn, pẹ̀lú orí tí wọn ò tíì dì tán. Àlùfáà gbà. Àwọn aládùúgbò gbé iṣu wá, odó mẹ́ta ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ará Àbújá pàápàá gún iyán. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi jó dé iwájú pẹpẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, àwọn ará Odò-Ọ̀wà náà dé tẹ̀rín-tẹ̀rín, nítorí mo gbàgbé láti sọ fún wọn pé a ti ṣe é. Ìyá mi wọ aṣọ tuntun tí télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, ó sì tún kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.